Ara Tó Ń Gbàdúrà: Ìrìn Àjò Kábálà láti Káírò Dé Boston

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1280, ọkùnrin Júù kan, ẹni ogójì ọdún, forí lé Soriano, ìlú kékeré kan ní àríwá Róòmù níbi tí Póòpù Nicholas Kẹta ti ń lo ìgbà ooru. Abraham Abulafia ni orúkọ rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ló rán òun, pé òun fẹ́ bá Póòpù sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo àwọn Júù. Póòpù ti gbúròó rẹ̀ kó tó dé, ó sì ti pàṣẹ pé bó bá ti yọjú, kí wọ́n mú un lọ sẹ́yìn ìlú kí wọ́n dáná sun ún. Igi ìdáná ti wà nílẹ̀ nítòsí ẹnubodè. Abulafia gbọ́, kò yísẹ̀ padà. Bó ṣe ń wọ ìlú ló gbọ́ pé Póòpù ti kú lójijì. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù náà ni. Àwọn ẹlẹ́sìn ọmọlẹ́yìn Francis tì í mọ́lé ní Róòmù fún ọjọ́ 28, lẹ́yìn náà wọ́n tú u sílẹ̀.

Ìtàn yìí dùn ún sọ débi pé ó máa ń bo ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ayé Abulafia mọ́lẹ̀, ìyẹn iṣẹ́ tó ń ṣe nínú yàrá rẹ̀ lóru. Ó kọ ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ yékéyéké, bí ọ̀gá ṣe ń là á yé ọmọṣẹ́. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wẹ ara rẹ̀ mọ́, kó wọ aṣọ funfun bó bá ní in, kó wá yàrá tí ẹnikẹ́ni kò ti ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Bó bá jẹ́ òru, kó tan àtùpà tó pọ̀. Kó mú kálàmù àti tàdáwà, kó máa kọ àwọn lẹ́tà orúkọ Ọlọ́run, kó máa yí wọn po, kí ti iwájú bọ́ sẹ́yìn, kí ti ẹ̀yìn bọ́ síwájú, títí ọkàn rẹ̀ yóò fi gbóná.

Lẹ́yìn èyí ni ara wọ iṣẹ́. Lẹ́tà kan, èémí kan. Bó bá fẹ́ fi ohùn 'o' pe lẹ́tà náà, yóò máa gbé orí sókè díẹ̀díẹ̀ títí èémí yóò fi tán. Bó bá jẹ́ ohùn 'i', yóò máa tẹ orí wálẹ̀. Ohùn 'a' àti ohùn 'e' ń darí orí láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì, 'u' sì ń gbé e lọ síwájú. Láàárín lẹ́tà kan sí òmíràn, yóò sinmi, iye èémí tó sì lè mí kó tó tẹ̀ síwájú ní òdiwọ̀n. Ọrùn, imú, àyà, ojú, kò sí èyí tí iṣẹ́ kò kàn. Abulafia kìlọ̀ pé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ibi tó so mọ́ nínú ara, pé ẹni tó bá ṣi lẹ́tà kan pè lè ṣe ẹ̀yà ara tó ni ín léṣe. Ẹni tó bá ṣe é bó ti tọ́, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ayọ̀ ńlá á sì tẹ̀lé e.

Gershom Scholem, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jerúsálẹ́mù tó sọ Kábálà, ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ àwọn Júù nípa Ọlọ́run, di ẹ̀kọ́ yunifásítì, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1941 pé ìlànà Abulafia jọ yóógà àwọn ará Íńdíà àti àwọn àṣà Súfí, àwọn Mùsùlùmí tó ń wá Ọlọ́run ní ọ̀nà ìjìnlẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tó ń bínú sí àwọn Júù òde òní rántí èyí. Láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn ni àwọn kan ti ń sọ pé àwọn Júù Amẹ́ríkà lọ kó yóógà àti àṣàrò Búdà, wọ́n lẹ Kábálà mọ́ ọn, wọ́n sì ń pè é ní ogún baba wọn. Ẹ̀sùn náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ìtàn fi hàn pé yíyá nǹkan lọ́wọ́ aládùúgbò kì í ṣe tuntun láàárín wọn, àti pé ara kò fìgbà kankan kúrò nínú àdúrà wọn. Ohun tó sọ ọ́ di àjèjì lójú àwọn ọmọ wọn ni pé àwọn àgbà fi í pamọ́.

Abulafia kọ́ ló kọ́kọ́ so lẹ́tà mọ́ ẹ̀yà ara. Ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Sefer Yetzirah ti wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ṣáájú rẹ̀. Ìwé náà ní lẹ́tà 22 tí èdè Hébérù ní ni Ọlọ́run fi dá ayé, ó sì pín wọn sí ara ènìyàn. Shin, lẹ́tà iná, wà ní orí. Mem, lẹ́tà omi, wà ní ikùn. Alef, lẹ́tà afẹ́fẹ́, wà ní àyà láàárín àwọn méjèèjì. Méje jẹ́ ti ojú méjì, etí méjì, ihò imú méjì àti ẹnu. Méjìlá tó kù jẹ́ ti ọwọ́, ẹsẹ̀ àti àwọn nǹkan inú bí ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti òróòro. Àwọn rábì inú Talmud náà ti ka ẹ̀yà ara sí 248, iye kan náà pẹ̀lú àwọn òfin inú Tórà tó ní kéèyàn ṣe nǹkan. Nígbà tí Zohar, ìwé ńlá Kábálà, jáde ní Castile ní òpin ọ̀rúndún kẹtàlá, òun àti àwọn ìwé tó tẹ̀lé e ya ìpele mẹ́wàá tí Ọlọ́run fi ń fara hàn sórí àwòrán ènìyàn: àánú ní apá ọ̀tún, ìdájọ́ ní apá òsì, ẹwà ní àyà. Lójú ẹni tó gba èyí gbọ́, ìwòsàn ara àti àdúrà kì í ṣe iṣẹ́ méjì.

Èyí tó fi yíyá lọ́wọ́ aládùúgbò yẹn hàn kedere jù ṣẹlẹ̀ ní Íjíbítì, ṣáájú kí wọ́n tó bí Abulafia. Maimonides, ọ̀gá àwọn amòfin Júù, tó tún jẹ́ oníṣègùn ní ààfin, kú ní oṣù kejìlá ọdún 1204. Abraham, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, kò tíì pé ogún ọdún nígbà tí ipò olórí àwọn Júù Íjíbítì bọ́ sí i lọ́wọ́. Òun náà di oníṣègùn ní ààfin Sultan. Ibn Abi Usaybi'a, dókítà Mùsùlùmí tó kọ ìtàn ayé àwọn oníṣègùn, bá a pàdé ní ilé ìwòsàn kan ní Káírò, ó sì kọ ọ́ pé ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó níwà, ó sì mọ iṣẹ́ ìṣègùn dunjú. Ọkùnrin tó ń fọwọ́ kan aláìsàn lójoojúmọ́ yìí ló wo sínágọ́gù àwọn ènìyàn rẹ̀, tí ohun tó rí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn kan fẹ̀yìn ti ògiri, àwọn mìíràn ń tàkúrọ̀sọ, ètè nìkan ló ń gbàdúrà.

Nínú ìwé ńlá tó fi èdè Lárúbáwá kọ, Abraham ní kí wọ́n máa fọ ẹsẹ̀ àti ọwọ́ kí wọ́n tó gbàdúrà, kí wọ́n tò sí ìlà kí gbogbo wọn kọjú sí Jerúsálẹ́mù, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n foríkanlẹ̀, kí wọ́n gbé ọwọ́ sókè nígbà ẹ̀bẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti rí àlùwàlá àti ìrun rí mọ ibi tó ti rí i. Ó tún gba àwọn tó fẹ́ lọ jìnnà níyànjú pé kí wọ́n máa gbààwẹ̀, kí wọ́n máa ṣọ́ òru, kí wọ́n máa dá wà nínú òkùnkùn, bí àwọn Súfí ṣe ń ṣe. Kò sì fi orísun rẹ̀ pamọ́. Ó yin àwọn Súfí ní gbangba, ó ní ọ̀nà àwọn wòlíì Ísírẹ́lì àtijọ́ ló kù sọ́wọ́ wọn nígbà tí àwọn Júù sọ ọ́ nù nínú ìgbèkùn, pé àwọn Júù kàn ń gba ohun ìní wọn padà ni.

Inú bí àwọn mìíràn gidigidi. Wọ́n ní ó ń sọ sínágọ́gù di mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí ààfin Sultan, ìyẹn ni pé àwọn Júù lọ bẹ ọba Mùsùlùmí kó bá wọn dá Júù kan dúró kó má ṣe bí Mùsùlùmí. Abraham gbèjà ara rẹ̀, ó fi ìkúnlẹ̀ Dáníẹ́lì àti ìdojúbolẹ̀ Mósè àti Jóṣúà inú Bíbélì ṣe ẹ̀rí. Ó kú ní 1237. Àtúnṣe rẹ̀ kò gbilẹ̀ kọjá Íjíbítì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ di ọ̀nà náà mú fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ nípa gbígba ohun ìní padà, a ó tún máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn ní Boston àti San Francisco, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún lẹ́yìn rẹ̀.

Ojú tí àwọn àgbà fi wo Abulafia le ju èyí lọ. Shlomo ibn Adret, rábì ńlá ní Barcelona, kọ lẹ́tà sí Sicily láti kìlọ̀ nípa rẹ̀, nítorí ó ń pe ara rẹ̀ ní wòlíì. Abulafia ní láti sá lọ sí Comino, erékùṣù kékeré kan lẹ́bàá Malta. A kò gbúròó rẹ̀ mọ́ lẹ́yìn 1291. Wọn kò tẹ àwọn ìwé ìlànà rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ wọn ń fi ọwọ́ dà wọ́n kọ ní ìdákọ́ńkọ́.

Irú nǹkan kan náà ṣẹlẹ̀ ní Safed. Lẹ́yìn tí ọba Spéènì lé àwọn Júù jáde ní 1492, ọ̀pọ̀ ọlọ́gbọ́n wọn tẹ̀dó sí ìlú orí òkè yìí ní Gálílì. Isaac Luria débẹ̀ ní 1570, ó kú ní 1572 lẹ́ni ọdún 38, síbẹ̀ ọdún méjì yẹn tó láti yí Kábálà padà. Wọ́n ní ó máa ń ka lẹ́tà níwájú orí ènìyàn láti mọ àìsàn ọkàn rẹ̀, yóò sì sọ irú ààwẹ̀ àti àdúrà tí onítọ̀hún yóò fi ṣàtúnṣe. Hayyim Vital, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó ṣe pàtàkì jù, kọ ìwé kan tó ní ẹ̀ka mẹ́rin. Ẹ̀ka kẹrin ló ní ìlànà àṣàrò nínú, títí kan ọ̀rọ̀ Abulafia. Àwọn tó tẹ ìwé náà tẹ ẹ̀ka mẹ́ta, wọ́n yọ ẹ̀kẹrin kúrò, pé àwọn orúkọ mímọ́ àti àṣírí inú rẹ̀ kò yẹ fún gbogbo ojú. Ọ̀rúndún ogún ni àwọn ènìyàn tó rí i kà ní títẹ̀. A mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀: iṣẹ́ tó lè da orí ènìyàn rú ni, wọ́n sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù náà mú kí ìran lẹ́yìn ìran dàgbà láìmọ̀ pé ẹ̀ka kẹrin wà rárá.

Àwọn tí kò kàwé púpọ̀ ní ọ̀nà tiwọn. Ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Shimmush Tehillim to àwọn Sáàmù lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú ohun tí a lè fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe. Ìkìn-ín-ní wà fún aboyún tí wọ́n ń bẹ̀rù pé oyún fẹ́ wálẹ̀. Ìkẹta, orí òróró ólífì ni wọ́n ń kà á sí fún orí fífọ́ àti ẹ̀yìn ríro, wọn a sì fi òróró náà pa ibi tó ń dunni. Òǹkàwé tó bá ti rí Aládùúrà tó ń ka Sáàmù sínú omi àti òróró rí yóò ti máa mi orí, ìdí sì wà fún un. Ìwé náà wọ èdè Jámánì, wọ́n wá so ó mọ́ Ìwé Mósè Kẹfà àti Ìkeje, tí ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rìn láti Amẹ́ríkà dé Caribbean, ó sì dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú. Èyí kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ nìkan ni àwọn Aládùúrà ti rí ìlò Sáàmù, nítorí wọ́n ní ìran àti àdúrà tiwọn. Ṣùgbọ́n okùn tín-ín-rín kan so òróró àwọn Júù ìgbà àtijọ́ mọ́ tiwa.

Ní Medzhybizh, tó wà ní Ukraine òde òní, orúkọ ọkùnrin kan wà nínú ìwé owó orí ilé ní àárín ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àwọn akọ̀wé Pólándì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà kan pé oníkábálà ni, nígbà mìíràn pé dókítà ni, ilé ìjọ ló sì ń gbé láìsan owó orí. Baal Shem Tov ni, ẹni tí àwọn Hasid, ẹgbẹ́ Júù tó ń fi ayọ̀ gbàdúrà, kà sí baba wọn. Ewé, tírà àti orúkọ Ọlọ́run ló fi ń wo aláìsàn. Ó kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé ìbànújẹ́ kì í ṣe ìwà mímọ́, pé jíjẹ, mímu, ijó àti mímì síwá sẹ́yìn nínú àdúrà lè gbé ọkàn dé òkè. Àwọn kan lára àwọn tó tẹ̀lé e bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìtàkìtì nígbà àdúrà. Ní 1772, àwọn àgbà Vilna fi òfin de gbogbo ẹgbẹ́ náà, ìtàkìtì yẹn sì wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lẹ́sẹ̀. Nachman ará Breslov, ọmọ ọmọbìnrin tí ọmọbìnrin Baal Shem bí, ní tirẹ̀ sọ fún àwọn tó tẹ̀lé e pé kí wọ́n lọ sínú oko lóru, kí wọ́n fi èdè ilé wọn bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe ń bá bàbá rẹ̀ sọ ọ́, kí wọ́n pariwo bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n mí kanlẹ̀.

Ẹni tó yẹ kí àwọn tó ń kọ́ni ní ìfarabalẹ̀ lónìí mọ̀ jù nínú gbogbo àwọn Hasid ni Kalonymus Kalman Shapira, rábì ìlú Piaseczno lẹ́bàá Warsaw. Wọ́n bí i ní 1889. Ní 1936, ó kọ́ àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ ní ohun kan tó pè ní ìmú-ọkàn-parọ́rọ́, ọ̀kan nínú wọn sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní èrò inú ènìyàn kì í dúró, òun ló sì ń dí ìmísí lọ́wọ́. Kéèyàn má bá a jà. Kó jókòó, kó kàn máa wo èrò rẹ̀ bó ti ń kọjá, kó máa bi ara rẹ̀ pé, kí ni mò ń rò báyìí? Bó bá ṣòro, kó tẹjú mọ́ ọwọ́ aago tó ń rìn díẹ̀díẹ̀. Yóò rí i pé èrò náà ń dẹwọ́. Nígbà náà ni kó mú gbólóhùn kúkúrú kan nínú Ìwé Mímọ́, kó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kó tọrọ ohun kan ṣoṣo tí ọkàn rẹ̀ ṣe aláìní, bí ìgbàgbọ́ tàbí ìfẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó rí ní ilé ìwòsàn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni láti ṣọ́ èrò ọkàn yóò mọ ìlànà náà lójú ẹsẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò kéré. Lójú Shapira, ìparọ́rọ́ kì í ṣe òpin ìrìn náà; ìlẹ̀kùn ni, àdúrà ló wà nínú ilé.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ogun dé. Bọ́ǹbù pa ọmọkùnrin rẹ̀ kan ṣoṣo nínú oṣù kẹsàn-án 1939, ó tún pa ìyàwó ọmọ náà lẹ́yìn ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé e lọ. Shapira dúró nínú àgbègbè tí àwọn Nazi fi ògiri yí àwọn Júù Warsaw ká, ó ń wàásù níbẹ̀ títí di 1942, ó kó àwọn ìwé rẹ̀ jọ, wọ́n sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Wọ́n pa á nínú oṣù kọkànlá 1943 ní àgọ́ Trawniki. Wọ́n hú àwọn ìwé náà lábẹ́ àwókù ìlú lẹ́yìn ogun, wọ́n sì tẹ àwọn ìwàásù rẹ̀ ní 1960. Mélòó nínú àwọn tó mọ ọ̀nà yìí ló kú láìkọ nǹkan kan sílẹ̀? Èyí jẹ́ apá kan ohun tí àwọn ènìyàn kì í kà mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá ń béèrè ìdí tí àwọn ọ̀dọ́ Júù fi lọ wá olùkọ́ ní Íńdíà. Púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ tó yẹ kó kọ́ wọn nílé ti kú.

Ìdílé Hasid bẹ́ẹ̀ náà ni Moshé Feldenkrais ti wá. Slavuta ni wọ́n bí i sí ní 1904, ìlú tí wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ Tanya, ìwé pàtàkì àwọn Hasid Chabad, ìdílé rẹ̀ sì ń tọ ìran wọn dé ọ̀dọ̀ Pinchas ará Koretz, ọ̀rẹ́ Baal Shem Tov. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ló wà nígbà tó fi ilé sílẹ̀ lọ sí Palestine. Ó ṣe lébìrà, ó ka físíìsì ní Paris lábẹ́ Frédéric Joliot-Curie, ó kọ́ júdò débi pé ó wà lára àwọn tó gbin eré náà sí Faransé. Orúnkún rẹ̀ tó bàjẹ́ nídìí bọ́ọ̀lù ló mú un bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí bí òun ṣe ń rìn. Ìlànà tó ti ibẹ̀ jáde rọrùn: kéèyàn dùbúlẹ̀, kó yí ọrùn tàbí ìbàdí díẹ̀, jẹ́jẹ́, lọ́pọ̀ ìgbà, kó máa fọkàn bá a lọ. Ó wo ẹ̀yìn David Ben-Gurion, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, sàn débi pé ní 1957 wọ́n ya bàbá ẹni àádọ́rin ọdún náà ní fọ́tò níbi tó ti forí dúró létí òkun. Feldenkrais kò kọ Kábálà, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló ka ara rẹ̀ sí, kò sì yẹ ká fi agbára sọ ọ́ di rábì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ka ìlànà Abulafia nípa orí àti èémí kò ní ṣàìrí ìbátan wọn.

Ní 1955, rábì ọ̀dọ́ kan láti New Bedford ní ìpínlẹ̀ Massachusetts forúkọ sílẹ̀ ní Boston University. Zalman Schachter ni, ẹni tí wọ́n bí ní Pólándì, tó dàgbà ní Vienna, tó sá fún Hitler dé New York ní 1941, tí àwọn Chabad sì fi jẹ rábì ní 1947. Ó máa ń tètè dé Boston, kò sì sí ibi tó ti lè gba àdúrà òwúrọ̀ láìsí ère tàbí àgbélébùú níwájú rẹ̀. Adúláwọ̀ kan rí i, ó ní ṣé kò ní fẹ́ lo ilé àdúrà kékeré tó wà nísàlẹ̀. Schachter tijú láti sọ pé àgbélébùú ńlá ń bẹ níbẹ̀. Ọjọ́ kejì, ó bá a pé ẹnìkan ti gbé àgbélébùú náà kúrò níbi tó wà, ó ti tan àbẹ́là, ó sì ṣí Bíbélì sí Sáàmù 139. Ó rò pé ẹni tó ń gbálẹ̀ ilé náà ni. Ìgbà tó lọ rí olórí ilé àdúrà yunifásítì náà, Howard Thurman, lórí ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kà ló rí i pé ọkùnrin kan náà ni.

Thurman, tí ìyá àgbà tó ti ṣe ẹrú rí tọ́ dàgbà ní Florida, ti dé Íńdíà rí, òun àti Gandhi sì jọ sọ̀rọ̀ ní 1936. Nínú kíláàsì rẹ̀, kì í ṣe ìwé nìkan ni wọ́n ń kà. Ó ń mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó, kí wọ́n gbọ́, kí wọ́n rí, kí wọ́n gbìyànjú àdúrà àwọn ẹlòmíràn. Schachter ń bẹ̀rù pé ẹ̀kọ́ náà yóò ba ẹ̀sìn òun jẹ́. Thurman bi í léèrè bóyá kò gbẹ́kẹ̀ lé Ẹ̀mí Mímọ́, ó sì fi èdè Hébérù pè é. Ìbéèrè náà dà á láàmú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà ó forúkọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ohun tí a ń pè ní ìsọdọ̀tun àwọn Júù ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ Onítẹ̀bọmi adúláwọ̀ kan. Ní 1962 Schachter dá ẹgbẹ́ B'nai Or sílẹ̀. Ó pín àdúrà òwúrọ̀ sí ayé mẹ́rin tí Kábálà mọ̀: ti ara, ti ọkàn, ti èrò, ti ẹ̀mí. Ti ara ló ṣáájú, àwọn ènìyàn ń na ara, wọ́n ń mí, wọ́n ń fọwọ́ kan ara wọn bí wọ́n ti ń ka ìbùkún, kí wọ́n tó sún síwájú. Àwọn Chabad kò lè bá a lọ mọ́, wọ́n pínyà.

Ìpínlẹ̀ Massachusetts yìí kan náà ni wọ́n ti ṣí ilé àṣàrò Búdà ní Barre ní 1976. Joseph Goldstein, Sharon Salzberg àti Jack Kornfield ló dá a sílẹ̀, ilé Júù sì ni wọ́n ti bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní 1979, Jon Kabat-Zinn, ọmọ Júù bíi tiwọn, gbé àṣàrò wọ ilé ìwòsàn ní Worcester fún àwọn tí ìrora kò fi sílẹ̀. Ní Brooklyn, Aryeh Kaplan, rábì tó ti kọ́kọ́ jẹ́ onímọ̀ físíìsì, rí i pé àwọn ọmọ Júù ń lọ síbòmíràn nítorí wọ́n gbà pé ilé kò ní nǹkan kan. Ó wá lọ sídìí àwọn ìwé ọwọ́kọ, ó tú Abulafia, Vital àti àwọn mìíràn sí Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnikẹ́ni lè kà. Ìwé rẹ̀ lórí àṣàrò àti Kábálà jáde ní 1982, ó kú ní oṣù kìn-ín-ní 1983 lẹ́ni ọdún 48. Moshe Idel ti kọ iṣẹ́ dókítà rẹ̀ lórí Abulafia ní Jerúsálẹ́mù ní 1976. Lẹ́yìn ọ̀rúndún méje, ilẹ̀kùn ṣí.

Ní oṣù kẹwàá 1990, àwọn Júù mẹ́jọ kan, Schachter pẹ̀lú wọn, lọ sí Dharamsala ní Íńdíà lọ rí Dalai Lama. Ó fẹ́ mọ bí àwọn Júù ṣe pa ara wọn mọ́ nínú ìgbèkùn láti ìgbà pípẹ́ wá, nítorí àwọn ará Tíbẹ́ẹ̀tì náà wà nínú rẹ̀. Ó tún fẹ́ mọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń tún inú ara wọn ṣe. Ìbéèrè kejì yìí ló ká wọn lára jù, nítorí ọ̀pọ̀ Júù tó wà nílé kò ní lè dá a lóhùn.

Kò sí àní-àní pé nǹkan ti dà pọ̀ ju bó ti yẹ lọ níbòmíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, àwọn gbajúmọ̀ ní Los Angeles ń so òwú pupa mọ́ ọrùn ọwọ́, wọ́n ń sọ pé Kábálà ni. Àwọn rábì onílànà àtijọ́ ní ẹni tí kò pa Sábáàtì mọ́, tí kò ka Tórà, kò lè fi èémí nìkan wọlé. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n. Abulafia, Abraham ará Káírò àti Shapira, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó rò pé ìlànà ara lè dá dúró láìsí òfin àti ìjọ tó gbé e ró. Bí a bá yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, ó lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀, ó lè mú oorun wá, ohun rere sì ni méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí wọ́n kú lé lórí nìyẹn.

Ìyípadà tó tóbi jù nínú gbogbo rẹ̀ kò ti Íńdíà wá rárá. Láti Káírò dé Piaseczno, ọkùnrin ló gbé ẹ̀kọ́ yìí dání, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọkùnrin nìkan ló ń kọ́ ọ. Ní 1991, àwọn obìnrin kan dá ibùdó ìwòsàn Júù sílẹ̀ ní San Francisco. Nancy Flam wà níbẹ̀, àti Amy Eilberg, obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹ̀ka Conservative fi jẹ rábì ní 1985, àti Rachel Cowan, tí àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa ọkọ rẹ̀ ní 1988. Wọ́n rí i pé aláìsàn Júù ní dókítà, kò sì ní ìjọ tó mọ ohun tí yóò bá a sọ. Wọ́n kó àwọn ènìyàn jọ láti gbàdúrà fún ìwòsàn, wọ́n ń pe orúkọ aláìsàn sókè, wọ́n ń kọ orin tí Debbie Friedman fi fún àdúrà ìwòsàn àtijọ́ ní ohùn tuntun. Ní 1999, Flam àti Cowan wà lára àwọn tó dá Institute for Jewish Spirituality sílẹ̀. Àwọn rábì fúnra wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ń pè wá síbẹ̀, láti ẹ̀ka ẹ̀sìn tó yàtọ̀ síra, fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́ẹ̀kan: àṣàrò nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ àti yóógà, àdúrà, àti ìwé àwọn Hasid tí wọ́n jọ ń kà lórí tábìlì kan, obìnrin àti ọkùnrin.